Ọgbà sàfárì tá a fẹ́ lọ: báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ara tu àwọn kìnnìún ibẹ̀?

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Àwọn ọmọ mi máa gba ọlidé láìpẹ́, àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ti fi kìnnìún sú wa. Kìnnìún lára aṣọ, kìnnìún lára ìwé, kìnnìún lójú oorun. Bàbá wọn ti ṣèlérí pé a máa kó wọn lọ sí ọgbà sàfárì. Ibi méjì la rí. Ní ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ ẹni lèèyàn á fi wọlé, á máa wà á jẹ́jẹ́ gba àárín àwọn ẹranko kọjá. Ìkejì ń polówó pé èèyàn lè gbé ọmọ kìnnìún lọ́wọ́, kó fún un ní mílíìkì nínú fídà, kó sì yà á ní fọ́tò. Ẹ ò ní béèrè èyí tí ọmọ mi fẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú rèé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n kó wa lọ wo ẹkùn abilà kan nínú kéèjì. Ẹkùn yẹn ò dúró. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló ń gbé, mo kà á. Tó bá dé igun, á fi imú kan irin níbì kan náà, á yí padà, á tún gbé mẹ́jọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jìn bí ojú ọ̀nà odò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ pé ẹkùn ń yan. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, mi ò sì mọ ìdí. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi lọ pàtẹ́wọ́ fún irú ẹ̀. Kí ni kí n wò, kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Olójú Iná
Ibi fídà yẹn, ẹ má lọ. Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́.

Ọmọ Aṣọ́gbà
Ẹ má wulẹ̀ dúró dè é, èmi wà nílé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú kìnnìún àti ẹkùn kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mọ́mì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló tó yín: níbo làwọn ọmọ kìnnìún yẹn ń lọ tí wọ́n bá dàgbà?

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọmọ kìnnìún kì í pẹ́ kọjá ẹni tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Tó bá fi máa lé ní oṣù mẹ́ta, èékánná ẹ̀ ti lè ya apá ọmọ yín, eyín ẹ̀ ò sì mọ eré. Bẹ́ẹ̀ ọgbà ń gbàlejò látọdún dé ọdún. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí ọmọ tuntun ṣáá? Oyún kìnnìún kì í ju nǹkan bí 110 ọjọ́ lọ. Nínú igbó, tí àwọn ọmọ bá yè, ó máa ń tó ọdún méjì kí ìyá tó tún bí òmíràn. Ẹ wá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó bí i, kò ní pẹ́ tí ara ẹ̀ á tún fi máa wá akọ. Iṣẹ́ ibi fídà nìyẹn. Wọ́n á ní ìyá ló kọ ọmọ. Ìyá ń kọ ọmọ lóòótọ́, ojú mi rí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mọ́kànlá. Ibi tí gbogbo ìyá bá ti ń kọ gbogbo ọmọ, tó sì ń bọ́ sí àsìkò ọlidé, ẹ fura.

Ní South Africa, níbi tí òwò yìí ti gbilẹ̀ jù, kìnnìún inú àhámọ́ tó nǹkan bí 8,000, wọ́n ju ti inú igbó ibẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Fídà ni ìbẹ̀rẹ̀. Tọ́mọ bá tóbi díẹ̀ sí i, àlejò á máa mú ọ̀pá lọ́wọ́ bá a rìn kiri. Tó bá wá di géńdé, àwọn kan á ta tiwọn fún ọgbà tí ọdẹ olówó ti ń yìnbọn pa á láàárín wáyà: ẹran tí kì í sá féèyàn, tó mọ̀ pé mọ́tò ló ń gbé oúnjẹ wá. Egungun ẹ̀ á forí lé Éṣíà. Ní 2017, ìjọba ibẹ̀ yọ̀ǹda kí wọ́n kó egungun odindi kìnnìún 800 lọ sókè òkun. Ilé ẹjọ́ gíga wá sọ ní 2019 pé àṣẹ náà ò bófin mu, torí pé wọn ò ro ti ìyà tó ń jẹ ẹran mọ́ ọn. Ní 2021, mínísítà Barbara Creecy kéde pé àwọn máa fòpin sí sísin kìnnìún fún òwò, 2024 sì ni àwọn mínísítà tó kù tó fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ kìnnìún tẹ́ ẹ bá gbé ló ń parí síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lé yín lọ́wọ́ bóyá ó lè búra.

Baba Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Àwa ti lọ sí irú ibẹ̀ rí. Fọ́tò àwọn ìbejì mi àti ọmọ kìnnìún wà lára ògiri pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Wọ́n ṣe wá dáadáa, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì ní owó tá a san máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá àwọn kìnnìún padà sínú igbó. Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹun nídìí ẹranko ló wá di òṣìkà ni?

Ọmọ Aṣọ́gbà
Baba Ìbejì, kò sẹ́ni tó bá yín wí. Èmi náà ti fún ọmọ ẹkùn ní fídà rí, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Àmọ́ “dá wọn padà sínú igbó” yẹn, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ọ̀kan tí wọ́n dá padà. Kìnnìún tí wọ́n fi fídà tọ́ lọ́wọ́ èèyàn ò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Ibi tí abúlé wà ló máa kọrí sí, ìbọn ló sì máa pàdé. Ẹ wo àwọn kìnnìún Éṣíà tó ṣẹ́ kù sí igbó Gir àti agbègbè ẹ̀ ní Íńdíà: 674 ni wọ́n kà ní 2020, ó di 891 ní 2025. Wọn ò gbé ìkankan nínú wọn lọ́wọ́. Igbó ni wọ́n ṣọ́, àti ẹran tí kìnnìún ń jẹ nínú ẹ̀.

Dókítà Ẹran
Ara ẹran ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi pátákó ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti oorun kúrò ńlẹ̀. Kìnnìún lè sùn tàbí kó nà gbalaja fún 20 wákàtí lóòjọ́. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń ní wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á máa tẹ fèrè mọ́tò kó lè dìde. Ẹ jẹ́ ó sùn.

Lílọ-bíbọ̀ tí Ìyá Àbíkẹ́yìn rí lọ́mọdé, òun gan-an ni kẹ́ ẹ máa wá. Tó bá lọ tó bọ̀ díẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ń bọ̀, kò burú, ẹni tébi ń pa náà máa ń yọjú sílé ìdáná. Àmọ́ iye ìṣísẹ̀ kan náà, orí tó ń yí níbì kan náà, ilẹ̀ tó ti jìn, ó ti pẹ́ tó ti wà lára ẹran yẹn. Ros Clubb àti Georgia Mason ti Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2003. Wọ́n rí i pé àwọn apẹranjẹ tó máa ń rìn jìnnà jù nínú igbó ni lílọ-bíbọ̀ ń mú jù nínú àhámọ́, àwọn náà sì ni ọmọ wọn ń kú jù. Síbẹ̀, ẹ má tíì bú ọgbà tẹ́ ẹ ti rí i. Ẹkùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni burúkú lè gbé e wá láti ọ̀hún, kó má sì fi í sílẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ẹ béèrè ìtàn ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgúnpá. Tó bá pá, tó sì le bí awọ bàtà, orí sìmẹ́ǹtì ló ń sùn. Eyín gígùn iwájú tó ti kán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin ló ń gé jẹ. Awọ ikùn tó ń mì jọ̀lọ̀ bó ṣe ń rìn kì í ṣe ọ̀rá, bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn. Akọ tí kò ní gọ̀gọ̀ kì í ṣe aláìsàn dandan, gọ̀gọ̀ máa ń rẹ̀ dànù tí wọ́n bá ti tẹ kìnnìún lọ́dàá. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí ó rọrùn láti dènà: ẹran ara lásán ni wọ́n ń fún un, kò sí egungun, kò sí ẹ̀dọ̀, kálísíọ̀mù ò tó. Ẹ tún wo ìka wọn. Yíyọ èékánná ẹkùn ò jọ bá a ṣe ń gé tọmọ o, oríkèé ìka tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń gé sọnù. Ẹran náà á máa gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ òkúta gbígbóná.

Tí wọ́n bá ní òní kì í ṣe ọjọ́ oúnjẹ, ẹ má bínú. Kìnnìún igbó kì í jẹun lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọgbà tó dáa sì máa ń jẹ́ kó yó kẹ́rí, kó wá sinmi. Ẹ béèrè ibi tí ẹran ti ń wá. Òwe ní ẹkùn kì í jẹ ẹran ìkasì, ẹkùn inú àhámọ́ ò rí yàn. Ní 2004, ní ọgbà ẹkùn Sriracha ní Thailand, òkú adìyẹ tútù tí wọ́n fún wọn jẹ ló kó H5N1, ìyẹn àrùn àwọn ẹyẹ, ràn wọ́n. 147 nínú ẹkùn 441 ló bá a lọ, títí kan àwọn tí wọ́n pa kó má bàa ràn kálẹ̀. Ọdún 20 lẹ́yìn ẹ̀, ní 2024, àrùn yìí kan náà tún pa ẹkùn 47 ní Vietnam. Owó adìyẹ ò tó ti màlúù lọ́jà ni.

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò
Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. Ẹ dákun, ibi tí àwa ń lọ ní ẹkùn funfun. Wọ́n ní ìran ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán láyé, pé àwọn ló kù tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀. Ìyẹn dáa, àbí?

Olójú Iná
Mo dé o, ẹ ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ n mú ti ẹkùn funfun.

(Kí ẹnikẹ́ni tó wá bá mi jà: ẹkùn tá à ń wí yìí ni ti Éṣíà, abilà. Alámì tótòtó tí àwọn bàbá wa ń kì ní ògìdán, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí abilà ò sí nínú igbó wa, orúkọ ara ilé la fún un.)

Àdùkẹ́, ẹkùn funfun kì í ṣe ìran kankan. Ẹkùn tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n bí àfín nínú ilé. Ní 1951, wọ́n mú ọmọ kan tó funfun nínú igbó Rewa ní Íńdíà, wọ́n sọ ọ́ ní Mohan. Wọ́n fi abo aláwọ̀ ẹkùn fún un, kò bí funfun. Wọ́n wá mú un gun ọmọ tó bí fúnra ẹ̀, ni funfun bá jáde. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń mú ẹbí gun ẹbí, ọ̀dọ̀ Mohan yìí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹkùn funfun inú ọgbà ti wá. Ẹ sún mọ́ gíláàsì kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ni ojú ń dà sí imú. AZA, ẹgbẹ́ àwọn ọgbà ẹranko ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2011 pé kí wọ́n yéé mú wọn bímọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ń fi ẹkùn funfun dáàbò bo ìran ẹkùn, owó ẹnu géètì ló ń dáàbò bò. Bákan náà ni ọmọ tí akọ kìnnìún bí fún abo ẹkùn.

Ti orúkọ: ẹnikẹ́ni ló lè kọ “ibi ààbò ẹranko” sára pátákó. GFAS tó ń yẹ irú ibẹ̀ wò kì í fọwọ́ sí ibi tó ń mú wọn bímọ fún òwò tàbí tó ń jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn wọ́n. Fún ọgbà ẹranko, AZA wà ní Amẹ́ríkà, EAZA wà ní Yúróòpù. Ẹ má gba àmì tí ọgbà lẹ̀ mọ́ ìkànnì ara ẹ̀ gbọ́. Ìkànnì ẹgbẹ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti wá orúkọ ọgbà. Ìwé àṣẹ ìjọba ò tó ẹ̀rí, kò ju pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ níbòmíràn. Ó kàn jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní December 2022 ti ní kí àlejò má fọwọ́ kan ọmọ wọn mọ́ rárá.

Àkàndé
Gbogbo yín ń yan èyí tó dáa nínú ẹ̀wọ̀n. Akọ ẹkùn Siberia lè máa rìn lórí ilẹ̀ tó lé ní 1,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọgbà wo ló ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀? Ẹ jókòó sílé.

Ọmọ Aṣọ́gbà
Òótọ́ lẹ sọ nípa ilẹ̀, Àkàndé. Àwọn tí wọ́n ti bí sínú àhámọ́ ńkọ́? Ní 2016, ìjọba Thailand kó ẹkùn tó lé ní 130 kúrò ní tẹ́ńpìlì kan ní Kanchanaburi, níbi tí àlejò ti ń bá ẹkùn ya fọ́tò. Wọ́n rí òkú ọmọ ẹkùn 40 nínú fírísà ibẹ̀. Inú gbogbo ayé dùn pé wọ́n gbà wọ́n. Nígbà tó fi máa di 2019, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti kú lọ́wọ́ ìjọba. Àrùn ni, ara wọn ò sì le, ọmọ ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n kó wọn, ibi tí wọ́n kó wọn sí ni kò gbà wọ́n. Ibi tó dáa gbọ́dọ̀ wà, owó ló sì ń gbé e dúró.

Àkàndé
Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí wọn láìlọ wò wọ́n nígbà náà.

Ọmọ Aṣọ́gbà
Ẹ ò purọ́. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, nǹkan kan ṣẹ́ kù. Ibi tó dáa lèèyàn ti lè sanwó wọlé kó má rí kìnnìún. Tí ẹran bá ní ibi tó lè sá pamọ́ sí, á sá pamọ́. Kìnnìún ò gbọdọ̀ dá gbé, ẹlẹ́gbẹ́ ni. Ẹkùn kì í fẹ́ èrò lọ́dọ̀, omi tó lè wọ̀ ló fẹ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń dá wọn lára yá. A máa ń wọ́n lọ́fínńdà sára páálí. Ọgbà ẹranko Bronx ní New York dán oríṣiríṣi ẹ̀ wò, Obsession for Men ti Calvin Klein ló gbayì jù lọ́dọ̀ àwọn ẹran wọn. Tiwa ò tó owó yẹn, èyí tí àwọn èèyàn ò lò mọ́ la ń gbà. Akọ àgbà kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ lọ́fínńdà, á rìn dé ìdí páálí, á ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ata ta, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún, á yí gbirigbiri, á wá jókòó lé e títí ilẹ̀ á fi ṣú bí ẹni tó ra ilẹ̀ tuntun.

Baba Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá tèmi, ìyá, níwọ̀n ìgbà tó jọ pé ibi mọ́tò lẹ ń lọ. Irú ọgbà báyìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ti Longleat ní England ti wà láti 1966. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kí epo kún. Gíláàsì ní títì pa, ilẹ̀kùn ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ ọmọdé kó wà lórí iṣẹ́. Ní 2015, ní ọgbà kìnnìún kan nítòsí Johannesburg, gíláàsì tó ṣí sílẹ̀ ni kìnnìún gbà mú àlejò kan, ó sì kú. Ní Badaling, nítòsí Beijing, ní 2016, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárín ẹkùn. Ìyá ẹ̀ sáré bọ́ sílẹ̀ láti gbà á. Ọmọ yè, ìyá kú. Tí mọ́tò bá kú sí yín lọ́wọ́, ẹ jókòó sínú ẹ̀, ẹ tẹ fèrè, àwọn aṣọ́gbà á wá.

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Mo padà wá jíṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà kan náà sí ibi méjèèjì. Ibi fídà fèsì lọ́jọ́ kejì pé “àwọn ọmọ wa máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa”. Mo ní ta ni wọ́n. Wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Ibi mọ́tò lo ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ní àwọn ò bí kìnnìún kankan mọ́, pé wọ́n ti tẹ akọ méjèèjì lọ́dàá. Wọ́n dárúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, àti pé ọ̀kan nínú àwọn abo ṣì máa ń lọ-bọ̀ lálẹ́, pé bó ṣe dé nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ yẹn ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́.

A lọ. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ kan la rí láàárín koríko. Ọmọ mi ti fẹ́ẹ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ni aṣọ́gbà kan pe abo àgbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, abo náà rọra dùbúlẹ̀, ó na ìrù gba abẹ́ irin jáde. Dókítà fá irun díẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀, ẹnìkejì fi ẹran tó máa jẹ sórí ọ̀pá, ó ń gbé e sí i lẹ́nu níwájú. Wọn ò so ó, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Aṣọ́gbà ní ó gba àwọn ní oṣù mẹ́jọ láti kọ́ ọ, pé ọjọ́ tí kò bá wù ú, á dìde lọ. Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Ó wá ní òun fẹ́ ṣe ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ìrù.

Baba Ìbejì
Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ lẹ́tà yẹn síbí.

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Kò gùn:
“Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ mi fẹ́ wá kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kìnnìún àti ẹkùn mélòó lẹ bí lọ́dún méjì tó kọjá? Níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà báyìí? Àwọn tó ti kú ńkọ́, kí ló pa wọ́n?”

Baba Ìbejì
Mo fi ránṣẹ́ síbi tá a lọ nígbà yẹn. Mo fi fọ́tò pálọ̀ mọ́ ọn, mo ní ti inú fọ́tò yìí ni mò ń béèrè, abo tí wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Sìǹbá lọ́jọ́ náà.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. Wọn ò tíì fèsì.